Àṣàdáṣà: èsì mi sí ọmọ wa tó ń ka másítà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o.

Láti ọjọ́ Ajé tí ọmọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀n ti béèrè orúkọ tí òun lè pe intercultural communication (bí àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀), tí òun ń ka másítà lé lórí, kí òun lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá òun lórí fóònù, àbá ti ń ya wọlé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò lè rìn kúrò lọ́nà.

Ẹnì kan ní ká pè é ní "ìbánisọ̀rọ̀ àṣàkáṣà". Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo mọ ohun tó ń rò: àṣà yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí "kí" bá ti wọ àárín ọ̀rọ̀ báyìí, èébú kì í jìnnà: ọmọkọ́mọ, ìwàkíwà, ìsọkúsọ. Ẹ wo ìyá tó ta ilẹ̀ san owó ilé-ìwé, tí ọmọ wá pè é pé àṣàkáṣà lòun ń kọ́ níbẹ̀.

Bàbá wa dá àrokò lábàá. Ó dùn létí, sà, ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi. Láyé àtijọ́, owó ẹyọ mẹ́fà là ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn ẹni fà sí, nítorí ẹ̀fà. Mẹ́jọ ni onítọ̀hún á fi fèsì pé èrò àwọn jọ. Inú bí iye àti ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń bára wọn ṣeré ni gbogbo adùn rẹ̀ wà. Ẹ wá fi ẹyọ mẹ́fà ọ̀hún ránṣẹ́ sí ará Jámánì: yóò kà á, yóò sì rí ẹyọ mẹ́fà. Ibi tí àrokò bá kú sí gan-an ni iṣẹ́ ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń da ọ̀rọ̀ wa rú ni pé nǹkan méjì là ń fi orúkọ kan pè. Ẹni tó gbé àṣà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ìfàṣàwéra ló ń ṣe. Irú rẹ̀ ni iṣẹ́ Hofstede, ọmọ Nẹ́dálándì tó fi ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ IBM ní orílẹ̀-èdè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wéra, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1980. Èyí tí ọmọ wa ń béèrè ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ará ibí àti ará ọ̀hún bá jókòó ti ara wọn. Edward Hall, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sókè òkun, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1959 pé bí èèyàn ṣe ń lo àkókò, àti bó ṣe ń súnmọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tó, ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò sọ ni.

Ní ibi iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀n, obìnrin kan kọsẹ̀, tíì rẹ̀ sì dà sí i láṣọ. Mo ní "sọ́rì", torí pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn mi. Ó wò mí, ó ní kí ni mo ń tọrọ àforíjì fún, ṣé èmi ni mo ti òun ni? Òyìnbó tí mo sọ kò ní àléébù kankan. Ohun tó wà nínú pẹ̀lẹ́, pé ohun tó ṣe ọ́ dùn mí, ni kò bá mi wọkọ̀.

Àbá tèmi rèé: ìbánisọ̀rọ̀ àṣàdáṣà. A ní ìrandíran, a ní ilédélé, a ní àtẹnudẹ́nu. "Dé" inú wọn ń sọ pé nǹkan kúrò níbì kan, ó sì gúnlẹ̀ síbòmíràn. Kò sì sọ pé bó ṣe kúrò nílé ló ṣe dé. Ẹ wo wòlíì: lẹ́nu Lárúbáwá, ọ̀rẹ́ Ọlọ́run ni, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wa kọjá sínú Bíbélì Yorùbá, ó di ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, nígbà tí Mùsùlùmí fúnra wọn ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ànábì. (Èṣù inú Bíbélì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fò. Bí a bá gbé ìyẹn jáde, a ò ní sùn.)

Àwọn tó fara mọ́ "ìgbọ́raẹniyé", mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó ti ṣèlérí jù. Èmi àti obìnrin onítíì yẹn bára wa sọ̀rọ̀. A ò gbọ́ra wa yé. Ẹ̀kọ́ náà ń wo méjèèjì.

Ọmọ wa, bó bá jẹ́ ti ìyá ẹ, gbàgbé gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Sọ fún wọn pé ò ń kọ́ ohun tó ń mú kí àwọn tí kò jọ dàgbà máa ṣi ara wọn gbọ́. Bó bá di orí ìwé àpilẹ̀kọ rẹ, kọ àṣàdáṣà síbẹ̀, kí o sì tún lẹ́tà "d" yẹn wò dáadáa kó tó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́.