Bí mo ṣe ń dá ohun tó ti inú oko àgbàdo jáde padà síbẹ̀

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi sọ pé bí òun ṣe ń fi kún ajílẹ̀ òyìnbó lọ́dọọdún ni àgbàdo òun ń kéré sí i, ó sì béèrè ohun tí àwa yòókù ń ṣe. Òkè-Ògùn ni mo ti ń dáko, lágbègbè Ṣakí, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò tètè máa ń fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Láyé àwọn bàbá wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ kó di igbó padà. Nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tó pín mọ́, orí ibì kan náà la ń gbìn sí lọ́dọọdún.

Ohun tí mo kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni dídáná sun pòpórò. Ó rọrùn lóòótọ́, ó sì ń lé ejò, ṣùgbọ́n èéfín ló ń gbé náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ tí irúgbìn ń fà nínú ilẹ̀, kúrò nínú pòpórò lọ, atẹ́gùn àti òjò àkọ́rọ̀ a sì pín eérú tó kù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Náítírójìn tó ń bá tọ́ọ̀nù kan hóró àgbàdo lọ sọ́jà tó bíi kílò 15, a kò sì lè gba ìyẹn padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Àmọ́ ní ti potásíọ́mù, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, inú pòpórò ló pọ̀ sí jù. Kí ẹ lè mọ èyí tó wọ́n lóko yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo àwọn ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo. Bí ewé bá ń pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀, tí pípọ́n náà sì ń tọ egungun àárín bọ̀ sẹ́yìn, náítírójìn ló wọ́n. Bó bá jẹ́ etí ewé ló gbẹ tí àárín rẹ̀ ṣì tutù, potásíọ́mù ni. Lóko tí wọ́n ti ń kó pòpórò kúrò tàbí tí wọ́n ń sun ún, irú kejì yìí kì í ṣọ̀wọ́n.

Síbẹ̀, kì í ṣe ká kàn ro pòpórò gbígbẹ mọ́lẹ̀ ká sì gbin àgbàdo lé e. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tó ń mú un jẹrà, máa ń fa náítírójìn inú ilẹ̀ fún ara wọn, ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù a sì pọ́n. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi ń yanjú èyí. Lẹ́yìn ìkórè, n ó gé pòpórò wẹ́wẹ́, n ó tẹ́ ẹ, n ó da ìgbẹ́ adìẹ lé e, n ó wọ́n omi sí i, n ó sì tún tẹ́ òmíràn lé e títí òkìtì náà yóò fi tó àyà ènìyàn. Mo máa ń ki ọ̀pá bọ àárín rẹ̀: bí mo bá fà á yọ tó gbóná débi pé n kò lè dì í mú pẹ́, iṣẹ́ ń lọ, bó bá tutù nígbà tí pòpórò kò tíì dúdú, n ó yí i po, n ó sì tún bu omi sí i. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ohun yòówù kí awakọ̀ típà tó fẹ́ já a sílẹ̀ lóko yín sọ.

Mo mọ̀ nípa ọ̀nà tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, gbé lárugẹ, pé ká gbin àgbàdo sáàárín ìlà igi bí àgùnmánìyè, ká sì máa rẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ilẹ̀ ń jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rírẹ́ ẹ̀ka kì í mọ ìgbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ dí. Ẹ̀wà ni mo ń gbìn tẹ̀lé àgbàdo ní tèmi, n kì í sì í fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, kó lè jẹrà sínú ilẹ̀.

N kò fi ajílẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ pátápátá, mo dín in kù ni. Ilẹ̀ yanrìn tí kò ní ohun jíjẹrà nínú kò lè di ajílẹ̀ náà mú, mo sì fura pé ohun tó ń ṣe oko ẹni tó béèrè nìyẹn. Kùùkù àgbàdo nìkan ni n kì í kó sórí òkìtì, torí ó ń pẹ́ jẹrà. Àwọn ará ilé ń fi í dáná, mo sì ń kó eérú rẹ̀ padà sóko. Ojú ilẹ̀ ni mo ń fọ́n ọn sí, n kì í dà á mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, nítorí bí méjèèjì bá pàdé, òórùn tó máa ń ta síni nímú yẹn, náítírójìn ló ń sá lọ.