Kí ni kí n pe ara mi nínú CV?

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 6 rèé tí mo ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mókọ́lá n'Íbàdàn, èmi àti ọmọṣẹ́ 2, mo wá fẹ́ wáṣẹ́ súpáfáísọ̀ níbi tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ CEO, ọkàn mi ò gbà á rárá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Tọ́lá:
Àbúrò, má kọ ọ́ o. Ṣé o forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀? Tó bá jẹ́ business name ni, kò sí dírẹ́kítọ̀ níbẹ̀, proprietor, ìyẹn ẹni tó ni ín, ni wọ́n ń pè ẹ́. Kọ́ńpìnì Limited ló ní dírẹ́kítọ̀, CAMA 2020, ìyẹn òfin tó wà fún kọ́ńpìnì, tiẹ̀ ti jẹ́ kẹ́nì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, àmọ́ tó ò bá tíì ṣe é, má pera ẹ bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú:
Business name ni, sà.

Ìyá Ìbejì:
Mo kọ Managing Director nígbà tí mò ń ta búrẹ́dì, ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ta lò ń máníjì, mi ò rí èsì fọ̀, ó dùn mí gan-an. Kọ "Owner and Head Tailor", kó o wá kọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀.

Abẹ́rẹ́-àti-Òwú:
Ẹ ṣeun mà. A rán aṣọ ẹbí 45 lọ́sẹ̀ 3 lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo gé gbogbo ẹ̀, màá fi síbẹ̀.