Ta ló ti fi iná LED kún iná máṣíìnì ẹ̀? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Táyà_Méjì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrìn. Díẹ̀ ló kù kí n kọ lu ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí kò níná lálẹ́ àná. Iná iwájú alùpùpù mi kò yàtọ̀ sí àbẹ́là. Mo fẹ́ so LED kéékèèké méjì kún un, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo ló ṣe rí? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi o.

Ọmọ_Wáyà:
Ojú mi rí màbo. Ara wáyà iná iwájú ni mo ti ya tèmi, mo ní ṣebí iná náà ni gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Ọkọ̀ tó wà níwájú mi ni mo rò pé ó ni òórùn, mo tiẹ̀ ti ń bú awakọ̀ ẹ̀. Àṣé swíìṣì tèmi ló ń yọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò mi! Ó rọ̀ bí ìda. Gbogbo iná wá kú pọ̀, iwájú, ẹ̀yìn, títí kan fèrè. Ìlà funfun etí títì ni mo ń tọ̀ délé.

Jẹ́jẹ́_Ni:
Fíúsì ńkọ́?

Ọmọ_Wáyà:
Fíúsì wo?

Jẹ́jẹ́_Ni:
😂😂 Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n_Rílè:
Ọmọ_Wáyà, pẹ̀lẹ́. Swíìṣì ọwọ́ yẹn, gílóòbù tó bá a dé nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Orí bátìrì gan-an ni kéèyàn ti fa iná. Kí fíúsì sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí, kí rílè, ìyẹn swíìṣì tí iná díẹ̀ fi ń tan iná ńlá, tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rílè: ẹsẹ̀ 30 ń gba iná láti bátìrì, 87 ń gbé e lọ sí LED, 85 ń lọ sára irin, 86 ni swíìṣì ń ta jí. Ara wáyà iná ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti gba èyí tó ń ta á jí, kó lè jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti pa kọ́kọ́rọ́, LED náà kú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gbàgbé ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo sùn, LED ò sùn. Bátìrì tó yẹ kó wà ní fóòtì 12.6, mo bá a ní 9 láàárọ̀. Mo ta kíìkì títí orúnkún fi ń bẹ̀ mí.

Táyà_Méjì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Fíúsì mélòó ni kí n lò?

Ẹ̀gbọ́n_Rílè:
LED rẹ méjèèjì, wáàtì mélòó?

Táyà_Méjì:
10, 10.

Ẹ̀gbọ́n_Rílè:
Fi 12 pín 20, kò tó ámpù 2. Fíúsì 5 ti tó ọ. Gílóòbù halogen iwájú máṣíìnì ńlá lè jẹ tó wáàtì 55, 20 tìrẹ ò tó ìyẹn, kò yẹ kó wúwo jù fún kọ́ìlì tó ń pèsè iná fún máṣíìnì.

Ìyá_Orí_Máṣíìnì:
Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ṣé torí kẹ́ ẹ lè ríran lẹ ṣe ń so ó, àbí torí kí wọ́n lè rí yín? Ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ̀ kan yà wọ iwájú mi gbuurugbu. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ. Ó ní, "Ìyá, iná kan ṣoṣo ni mo rí, mo rò pé ẹ ṣì jìnnà." Kò purọ́. Iná kan nínú òkùnkùn, ta ló lè mọ bó ṣe jìnnà tó? Mo wá so kéékèèké méjì mọ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú, nísàlẹ̀. Ọ̀kan lókè, méjì nílẹ̀, bí ààrò mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn, wọ́n máa ń dúró dè mí kọjá.

Ọmọ_Wáyà:
Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Tèmi ti dà nù ní tiẹ̀.

Òru_Ò_Dé:
Èyí tó tóbi jù lèmi rà. Wáàtì 200 ni wọ́n kọ sára páálí. Mo fi mítà wò ó, ámpù 1.5 ló ń jẹ, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Síbẹ̀ ó mọ́lẹ̀ o! Mo dojú ẹ̀ kọ ọ̀run bí ẹni ń wá òṣùpá. Bàbá kan ń bọ̀ lódìkejì, mo ṣàdéédéé rí i tó wọ inú koríko lọ, tòun ti máṣíìnì. Wọn ò ṣèṣe. Wọ́n rọra rìn wá, ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Sọ̀ kalẹ̀, dúró síwájú ẹ̀." Mo dúró. Wọ́n tan LED náà sí mi lójú. Nígbà tí ojú mi máa fi là, wọ́n ti lọ.

Jẹ́jẹ́_Ni:
Ìtàn yìí dùn jù, ẹ ti fi iyọ̀ sí i.

Òru_Ò_Dé:
Ẹ wá dúró síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò.

Ìyá_Orí_Máṣíìnì:
Wọ́n tiẹ̀ ṣàánú ẹ. Èmi ì bá gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Rílè:
Iwájú ògiri lèèyàn ti ń tún un ṣe. Ẹ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 25, kẹ́ ẹ sì jókòó sórí máṣíìnì o! Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ̀yìn á rẹlẹ̀, iná á gbójú sókè. Orí ìmọ́lẹ̀ lára ògiri ò gbọ́dọ̀ ga ju LED fúnra ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbé èèyàn sẹ́yìn, ẹ tún un rẹ̀ sílẹ̀ sí i.

Kùrukùru:
Yẹ́lò ni kẹ́ ẹ rà. Funfun ń já padà sójú nínú kùrukùru.

Jẹ́jẹ́_Ni:
Irọ́. Kì í ṣe àwọ̀. Ibi tó wà ni, àti bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ṣe gé lókè. Yẹ́lò tó wà lókè á já padà bákan náà.

Kùrukùru:
Ṣé ẹ ti gùn ún nínú kùrukùru rí?

Jẹ́jẹ́_Ni:
Ṣé ẹ̀yin ti so funfun mọ́lẹ̀ rí?

Kùrukùru:
Rárá.

Jẹ́jẹ́_Ni:
Ẹ ṣé.

Adágún:
Omi ti wọ tèmi. Ẹja ló kù.

Máṣíìnì_Kékeré:
Tèmi ń ṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣe wìrìwìrì. Wọ́n ní kọ́ìlì ló ń fún iná iwájú ní agbára tààrà, kò gba bátìrì kọjá. Mo já a kúrò níbẹ̀, mo so ó mọ́ bátìrì, ó sì dákẹ́.

Táyà_Méjì:
Mo ti so tèmi o! Fíúsì, rílè, gbogbo ẹ̀ pé. Ó mọ́lẹ̀ rekete. Nǹkan kan ṣá ni: tí mo bá ti tẹ fèrè, LED á ṣẹ́jú.

Ẹ̀gbọ́n_Rílè:
Wáyà dúdú rẹ ò di irin mú. Ṣé o ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kó o tó dè é?

Táyà_Méjì:
Ọ̀dà wo?

Ọmọ_Wáyà:
Káàbọ̀, àbúrò.