Ẹ̀yin ará Kwara, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi ipò sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ni?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ kú dédé àsìkò yìí o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Inú ló ń bí mi, mi ò sì rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi ni akọ̀wé ìgbafẹ́ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì wa, ẹ̀ka Ìlọrin. Ọdún kejì mi nìyí. Kí n tó débẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn kò ju kí wọ́n ra ankara, kí wọ́n jẹun nínú oṣù Disẹ́ńbà, kí wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Èmi ni mo ní ká lọ wo àwọn ère òkúta l'Ésìẹ́. Èmi ni mo háyà bọ́ọ̀sì, èmi ni mo ra omi, èmi ni mo tún ń pe àwọn àgbà kọ̀ọ̀kan lórí fóònù láago márùn-ún ìdájí kí wọ́n má baà sùn gbàgbé. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló lọ. Títí di òní, fọ́tò ọjọ́ yẹn ni alága wa ṣì ń lò lórí WhatsApp rẹ̀.

Ìgbà tá a dé ni mo ní, ṣé ká kàn máa jẹ ká máa mu ni? Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan fún ìlú. Mo dá a lábàá pé ká ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ká fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Nípàdé oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èèyàn méjìlélógójì ló kọ orúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp.

Ẹ wá wo ohun tójú mi rí. Mo gba kánópì méjì àti ọgọ́ta àga. Aago mẹ́ta òru ni mo ti dáná ìrẹsì. Kúlà ńlá kan wà nílé wa tí màmá mi rà nígbà ìsìnkú bàbá wa, ìdérí rẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kún un dé ẹnu, mo wá fi náílọ́ọ̀nù di ibi tó sán kí ooru má baà jáde. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta dé láago mẹ́jọ, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ mọ iye èèyàn tó wá? Mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi di aago méjìlá, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wo fíìmù lórí fóònù. Ojú tì mí. Mo ní kí n gbé ìrẹsì fún àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àánú ara mi ṣe mí.

Alága ò pè mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó kàn kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "a ó jókòó lé e lórí." Owó tó jáde lápò mi ju ₦150,000 lọ. Ṣé kí n kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ gba owó mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì Tanke:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Èèyàn ò ṣeé ṣe lóore. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde girama ní ká ra aṣọ. Ọgbọ̀n èèyàn ní àwọn á rà, mo fi owó ọjà mi kó o, mẹ́jọ péré ló sanwó. Ankara yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti fi méjì nínú rẹ̀ rán kọ́tìnì. Ẹnìkan nínú wọn tún ní kí n fún òun ní ẹyọ kan "nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́." Fi ipò sílẹ̀, jàre. Kí wọ́n lọ wá ẹrú wọn síbòmíràn.

Ọmọ Ọ̀ffà Gidi:
Má fi ipò sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ orúkọ sórí WhatsApp, ọwọ́ ló fi kọ ọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Nígbàkigbà tí èèyàn méjìlélógójì bá ní àwọn ń bọ̀, méjìlá ni kó o dáná fún. Ṣé akápò yín ló fọwọ́ sí ₦150,000 yẹn ṣá?

Nọ́ọ̀sì Sùúrù:
Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìyọnu. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n béèrè díẹ̀. Ọjọ́ wo ni? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì mu omi dáadáa kí wọ́n tó wá? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá tó kílò 50 kò ní lè fi sílẹ̀? Nínú mẹ́sàn-án yẹn, mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọ Òmù-Àrán:
@Nọ́ọ̀sì Sùúrù, márùn-ún ni wọ́n gbà. Ẹnìkan ò tó kílò 50. Wọ́n gún àwọn méjì níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ wọn sínú omi búlúù kan báyìí, ẹ̀jẹ̀ náà kọ̀, kò rì, ó ń léfòó. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ẹni kẹsàn-án rí abẹ́rẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ dáhùn fóònù. Títí di òní ó ń dáhùn fóònù.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo béèrè. Ìwà àìmoore ni mo ń sọ.

Bàbá Wákílù:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní 1998, ìyàwó mi bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń ya. Wọ́n ní kí n lọ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo sáré lọ bá àwọn àbúrò mi mẹ́ta, ìkíní ní òun ń lọ sí Jẹ́bà, ìkejì ní ìyá òun ò ní gbà, ìkẹta pa ìlẹ̀kùn mọ́ra. Awakọ̀ kan tí mi ò mọ̀ rí, tó gbé aláìsàn tirẹ̀ wá, òun ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ yẹn ti ṣègbéyàwó báyìí. Nítorí náà, ìwọ ọmọ yìí, o ṣeun. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n béèrè akápò lọ́wọ́ rẹ, o ò dáhùn méjèèjì.

Alfa Gaa Akanbi:
Àsàlámù àléékù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ arábìnrin yìí. Ibì kan ló há mi lọ́fun. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò, lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn Ìlọrin, wọ́n rí ìrẹsì ọ̀fẹ́, wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́? Arábìnrin, ọjọ́ wo ni?

Ọmọ Ọ̀ffà Gidi:
Ha! Alfa ti rí i o. Yéè, mo kú.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ó dáa. Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2025 ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi o. Láti Nọ̀fẹ́ńbà la ti mú un. Alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé oṣù ti lé, ààwẹ̀ di ọ̀la. Nígbà yẹn ata mi ti wà lórí iná, mo ti sanwó kánópì. Kí ni kí n ṣe? Kí n da ata sẹ́yìn ni?

Ìyá Ìbejì Tanke:
Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ Ràmàdáánì! Nílùú Ìlọrin! Ìwọ gbé kúlà ìrẹsì síta láago méjìlá ọ̀sán! Àbúrò mi, mo mú ọ̀rọ̀ mi ìṣáájú padà, ṣùgbọ́n tèmi nípa ankara ṣì dúró.

Ọmọ Ìta Kúdímọ̀:
Ẹ má jẹ́ ká máa fi ààwẹ̀ bo ọ̀lẹ o. Fífi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ò ba ààwẹ̀ jẹ́. Mo ti ṣe é rí nínú ààwẹ̀, mo sì gbé e dópin.

Alfa Gaa Akanbi:
Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ẹ̀, arákùnrin. Ọ̀pọ̀ ní kò bà á jẹ́, àwọn kan ní ó bà á jẹ́. Àní ẹni tó ní kò bà á jẹ́ á tún sọ pé tó bá máa kó àárẹ̀ bá èèyàn, kó fi í sílẹ̀ dìgbà tó bá ṣínu. Ìwọ lágbára, o gbé e dópin. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ńkọ́?

Ọmọ Ìta Kúdímọ̀:
Mi ò sọ pé kí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún wá. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ wà.

Bàbá Wákílù:
Ẹ má sọ ọ́ di wáàsí, ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì Sùúrù:
Ní ti ìlera, ẹni tí kò mu omi láti ìdájí, òòyì lè kọ́ ọ lẹ́yìn tá a bá gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ tán. Nǹkan bíi mílílítà 450 là ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kò jìnnà sí ìgò mínírà kékeré kan lé díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu ni kí wọ́n fi í sí, káwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ sì gbà láti wá lálẹ́. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí ẹ sún un. 14 oṣù kẹfà ni àyájọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lágbàáyé, Sátidé ló sì bọ́ sí lọ́dún 2025 yìí. Iléyá á ti kọjá. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta náà á ti lè fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: oṣù mẹ́ta ni fún ọkùnrin, oṣù mẹ́rin fún obìnrin, nítorí náà káwọn obìnrin nínú àwọn márùn-ún yẹn ṣì ní sùúrù.

Àti pé márùn-ún kì í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nínú fíríìjì, ẹ̀jẹ̀ ń lò tó ọjọ́ márùndínlógójì. Ẹnìkan á ti lò ó kí ààwẹ̀ tó parí.

Ọmọ Ọ̀ffà Gidi:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ láyé. Àmọ́ ìbéèrè kan ń jẹ mí. @Ọmọ Òmù-Àrán, ṣé ẹnì kankan ò sí nínú ìgbìmọ̀ yín tó lè sọ fún ẹ? Láti oṣù Jánúárì, ọmọdé Ìlọrin pàápàá mọ̀ pé ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì ni ààwẹ̀ máa wọlé.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ó wà. Igbákejì alága. Ó sọ ọ́. Ó ní ká mú un wá sí àárín Fẹ́búárì. Ẹ tún gbọ́ o: bàbá yẹn ti máa ń tako gbogbo ohun tí mo bá sọ. Ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ náà, ó ní ọ̀nà ò dára. Mo rò pé ó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn sì ti ń ṣiyèméjì.

Ìyá Ìbejì Tanke:
O wá ṣe kí ni?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Mo yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Kí ètò lè lọ déédéé ni. Mo ní tá a bá ṣe é tán, mo máa dá a padà.

Bàbá Wákílù:
Ẹni ọdún mélòó?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ó lé lọ́gọ́ta díẹ̀. Òun àti alága ni wọ́n jọ dá ẹ̀ka yìí sílẹ̀.

Bàbá Wákílù:
O yọ àgbà kúrò láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni lé ewúrẹ́ nídìí gàrí, o wá jókòó sábẹ́ kánópì, o ń retí wọn. Ṣé o ti dá a padà?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Mi ò tíì dá a padà.

Ọmọ Ìta Kúdímọ̀:
Ìdí tí mo fi ń bá Alfa jiyàn nìyẹn. Nínú méjìlélógójì, ṣé gbogbo wọn ló ń gbààwẹ̀ ni? Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ ńkọ́? Nítorí bàbá yẹn ni wọn ò fi wá. Bóyá alága fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ ti gbójú kúrò lára owó mi báyìí, àbí? Ẹ̀bi mi ni gbogbo ẹ̀ wá di.

Ọmọ Ọ̀ffà Gidi:
Owó wo? A ti béèrè akápò lọ́wọ́ ẹ láti àná.

Ọmọ Òmù-Àrán:
₦40,000 ni wọ́n fọwọ́ sí. Búrẹ́dì, mínírà àti omi. Mo rò pé búrẹ́dì ò yẹ ẹgbẹ́ wa, mo fi ti ara mi kún un. Mo fẹ́ kó dùn mọ́ wọn ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Sùúrù:
Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àbúrò. Àmọ́ búrẹ́dì àti mínírà náà là ń fún wọn, torí ìyẹn ló ń tètè gbé wọn dìde. Ìrẹsì lè dúró.

Ìyá Ìbejì Tanke:
Àbúrò, ₦40,000 ni kó o béèrè. Èyí tó kù, kó o kà á sí ankara mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Alfa Gaa Akanbi:
Arábìnrin, ẹ má fi ipò sílẹ̀, ẹ ò sì tíì ní béèrè owó. Ẹ lọ sílé bàbá yẹn lásìkò ìṣínu. Ẹ ra dàbínù díẹ̀ àti ṣúgà dání. Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ alága. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Ó ti tán.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Mo ti dá a padà sórí WhatsApp bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ káàbọ̀, sà." Ó kà á. Ó wá jáde fúnra rẹ̀.

Bàbá Wákílù:
Ilé ni wọ́n ní kó o lọ, o tún lọ sórí fóònù.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ má bínú. Mi ò mọ ojú tí mo máa fi wọlé ọ̀hún ni. Gaa Akanbi níbẹ̀ ló ń gbé, lẹ́yìn mọ́sálásí. Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi lọ?

Alfa Gaa Akanbi:
Mo rò pé mo mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Tá a bá kírun Àlásárì tán, ẹ dúró níwájú mọ́sálásí, màá jáde wá bá yín.

Ẹ má gbé ìrẹsì dání o.