Oògùn ara yíyún ni mo lò, àyà mi wá ń lù kì kì kì

Ẹni tó béèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Láti ọjọ́ Àìkú ni àyà mi ti ń lù kì kì kì. Ọkọ mi ní àròjù ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbààwẹ̀. Èmi tí mò ń jí ní aago mẹ́rin kí n tó rí danfo wọ̀ láti Mushin lọ sí Ìdúmọ̀tà, èmi náà ni mò ń dáná alẹ́, kò sí iná láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́. Ara ló ń yún mi tí kẹ́míìsì fi fún mi ní hydroxyzine. Ara yíyún lọ, àyà lílù dé. Ṣé kí n fi Piriton rọ́pò rẹ̀? Ẹ má bú mi o.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nígbà oyún àwọn ìbejì, kànìnkànìn ni mo fi ń họra! Omi ewé ẹfinrin ni màmá mi fi wẹ̀ mí.

Bàbá Ṣẹ́gun: Ẹ̀yin obìnrin ẹ fẹ́ràn kẹ́míìsì jù. Lọ sí ọsibítù.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó káàdì ni?

Ọmọ Oníṣègùn: Ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Kí lẹ tún ń lò mọ́ ọn? Ní 2015, àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù ní kí àgbàlagbà má lo hydroxyzine ju 100 mg lọ lójúmọ́, arúgbó 50, torí ọkàn. Oògùn ara yíyún mìíràn wà tẹ́lẹ̀, terfenadine. Téèyàn bá lo erythromycin tó ń pa kòkòrò àrùn, tàbí ketoconazole tí wọ́n fi ń wo làpálàpá, mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ kò ní lè fọ́ ọ, á gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á ṣi ìlù lù. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1998.

Ẹni tó béèrè: Èmi kì í ṣe ẹni tó ń lo oògùn ní ìlòkulò o. 25 mg, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oògùn ibà nìkan ni mo fi kún un, artemether-lumefantrine, àti erythromycin nítorí ikọ́. Kẹ́míìsì kan náà ló kó gbogbo ẹ̀ fún mi, kò lè tàn mí.

Ọmọ Oníṣègùn: Yéè! Iye tẹ́ ẹ lò kò pọ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìjàngbọ̀n wà. Lumefantrine àti erythromycin náà ń da ìlù ọkàn rú. Ṣé ẹ ti dákú? Ṣé ẹnì kan kú lójijì nínú ẹbí yín?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dẹ́rù bà á jàre. Ẹfinrin ni.

Ẹni tó béèrè: Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n ooru ni. Àbúrò mi ọkùnrin sùn ní 2016, kò jí mọ́. Ọmọ ọdún 22. Àmọ́ ìyẹn, ayé ló ṣe é, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Ọmọ Oníṣègùn: Ẹ dìde báyìí. Ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí yín. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn náà dání, ẹ sọ ti àbúrò yín fún wọn, kí wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò ìlù ọkàn, kí wọ́n wo potassium, ọ̀kan nínú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má gbé hóró kankan mì mọ́, Piriton pàápàá. Ẹ má dá lọ.

Bàbá Ṣẹ́gun: Kí ni mo sọ?

Ẹni tó béèrè: Ọkọ mi ò tíì dé. Ìyàwó onílé ti lọ pe Máruwá.