Ọ̀kadà mi ń húkọ́ tó bá ti gbóná

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láàárọ̀, ọ̀kadà mi máa ń dún geere. Tó bá ti rìn tó bí 20 ìṣẹ́jú, tí mo wá fún un níná kó lè sáré, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á máa fà mí síwá sẹ́yìn, sálẹ́ǹsà (páìpù èéfín rẹ̀) á sì dún gbàù bí ìbọn! Mo tú pọ́lọ́ọ̀gì (èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì), ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì gbẹ. Mo fi tuntun sí i, mo ṣí àlàfo rẹ̀ sí 0.7 mm, mo fọ kabúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́). Ọjọ́ méjì péré ló fi gbádùn. Tó bá tutù, á tún dára (ìyẹn ló ń dà mí lórí rú). Ṣé kọ́ìlì (èyí tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná) ló ń kú bó bá gbóná, àbí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ló pọ̀ jù? Báwo ni mo ṣe lè dán kọ́ìlì wò kí n tó ra òmíràn?