Ẹ wá sọ ìrírí yín: gáàsì tí simulation ṣírò àti èyí tó ń jáde lẹ́nu táńkì

Aṣírò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi HYSYS tàbí ProMax (àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe simulation) ṣírò gáàsì tí ibùdó epo ń tú sáfẹ́fẹ́, níbo ni èsì yín ti bá ohun tí ẹ fojú rí mu? Níbo ni kò ti mu?

Òkè Táńkì: Táńkì ni tèmi. Wọ́n fún mi ní ìṣirò tí wọ́n fi AP-42 (ìwé ìṣirò èéfín àti gáàsì ti EPA Amẹ́ríkà) ṣe, ó kéré débi tó ya mí lẹ́nu. Orí 7 AP-42 kò kúkú ka flash gas mọ́ ọn. Èyí tí táńkì ń mí síta nígbà tí oòrùn bá mú, àti èyí tí epo tó ń wọlé ń tì jáde, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, epo tó ti sẹ́párétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ya gáàsì kúrò lára epo) bọ́ sínú táńkì, ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, gáàsì tó ti yọ́ mọ́ ọn á hó jáde: òun ni flash gas. Mo fi Peng-Robinson (ìdọ́gba tó ń ṣírò bí gáàsì ṣe ń yà kúrò lára epo) ṣe model lórí kọ̀ǹpútà, flash gas nìkan bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. A wá gbé kámẹ́rà infrared dé ibẹ̀. Bí dump valve (fáàfù tó ń tú epo láti sẹ́párétọ̀ sí táńkì) bá ti ṣí báyìí, gáàsì á rú gùdù yọ lẹ́bàá thief hatch (ìdérí orí táńkì). Bó bá tì, á rọlẹ̀. Ojú lásán ò rí nǹkan kan.

Ìyá Lab: Sample wo lẹ lò?

Òkè Táńkì: Èyí tí a gbà tìfúnpá-tìfúnpá ní sẹ́párétọ̀, mà.

Ìyá Lab: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á lọ bu epo nínú táńkì, wọ́n á wá máa wá flash gas nínú ohun tí gáàsì ti kúrò nínú rẹ̀ tán! Èmi, bí bubble point epo náà (ìfúnpá tí gáàsì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde) bá jìnnà sí ìfúnpá sẹ́párétọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, mo ń dá sílíńdà padà ni. Kí ẹni tó gbé e wá bínú.

Àgbà Kànga: Owó dà? Kànga kékeré ò lówó sample. Vasquez-Beggs, fọ́múlà tí a fi ń fojú díwọ̀n gáàsì, tó wa.

Òkè Táńkì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Vasquez-Beggs á sọ iye gáàsì fún yín, kò ní sọ iye benzene (kẹ́míkà olóró kan) tó wà nínú rẹ̀.

Àgbà Kànga: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní sample náà, ẹ ń kó gbogbo C7+ (àwọn èròjà tó ní kábọ́ọ̀nù méje sókè) pọ̀, ẹ ní octane, èròjà kan ṣoṣo, ni. Kí ló wá yàtọ̀?

Aṣírò: Háà. Ọ̀rọ̀ bọ́ síbi tó ń dùn mí.

Glycol: Ẹ kúrò lórí táńkì ná. Glycol dehydrator, ẹ̀rọ tó ń fi glycol gba omi kúrò nínú gáàsì, ni kí ẹ bi mí. Omi nìkan kọ́ ni TEG (irú glycol tí a ń lò) ń gbà nínú gáàsì, ó ń gba benzene pẹ̀lú, á wá tú u síta níbi tí wọ́n ti ń sè é. Níbi kan, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Model fi hàn pé a lè dín glycol tó ń yípo kù gan-an, kí omi inú gáàsì má sì kọjá ààlà. Wọ́n dín in kù, BTEX (benzene àti àwọn ẹbí rẹ̀) tẹ̀ lé e wálẹ̀. Benzene ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ìyá Lab: Ẹ ṣeun gan-an fún èyí.

Ojú Iná: Flare, iná tí wọ́n fi ń sun gáàsì, ńkọ́? Gbogbo wa ń kọ pé ó ń jó 98% methane inú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ṣe lórí àwọn agbègbè epo Permian, Eagle Ford àti Bakken ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2022, rí 91.1%. Methane tí kò jó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí a ń kọ lọ.

Àgbà Kànga: Flare tó kú wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ tan iná yín.

Ojú Iná: Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kú náà ń tú methane, a sì ń kọ 98% fún un!

Aṣírò: Simulation kọ́ ló jẹ̀bi ìyẹn ṣá.

Ìyá Lab: Òkè Táńkì, dump valve yẹn, bó bá há sílẹ̀ ní ṣíṣí ńkọ́?

Òkè Táńkì: Gáàsì sẹ́párétọ̀ á bá epo wọ táńkì tààrà, mà. Model ò lè mọ̀. Kámẹ́rà ló máa rí i.